Gdańsk, Riga tàbí Tallinn: èwo ni kí ẹ yàn fún ìsinmi kúkúrú ní etí òkun Báltíìkì?

Ẹni tó bá fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ní ìlú kan ní etí òkun Báltíìkì kò ní àyè láti ṣi ìlú yàn. Àkókò náà kéré débi pé bí ẹ bá fi ìdajì ọjọ́ kan wá ọ̀nà dé etíkun, tàbí bí òjò bá ká yín mọ́ ìlú tí gbogbo ohun tó dára níbẹ̀ wà ní ìta gbangba, adùn ìrìn àjò náà ti dínkù nìyẹn. Ìlú mẹ́ta ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbé yẹ̀ wò fún irú ìsinmi bẹ́ẹ̀: Gdańsk ní ilẹ̀ Pólándì, Riga tí í ṣe olú-ìlú Látífíà, àti Tallinn tí í ṣe olú-ìlú Ẹstóníà. Lójú ẹni tó ń wo àwòrán wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan náà ni wọ́n: ilé àtijọ́ aláràbarà, ṣọ́ọ̀ṣì olórí ṣóńṣó, òpópónà tí wọ́n fi òkúta tẹ́. Ìjọra náà kò ṣàdéédéé wáyé, nítorí pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú Hansa, ẹgbẹ́ àwọn ìlú oníṣòwò tó jẹ gàba lórí òwò òkun Báltíìkì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí ẹ fẹ́ kí òkun ṣe fún yín, àti oṣù tí ẹ fẹ́ lọ, ni ó yẹ kó pinnu ìlú tí ẹ ó yàn, kì í ṣe iye owó ọkọ̀ òfuurufú nìkan.

Èwo nínú wọn ló wà létí òkun ní tòótọ́?

Ohun kan wà tí àwọn olùpolówó ìrìn àjò kì í fẹ́ sọ síta: nínú ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Tallinn nìkan ni àárín ìlú rẹ̀ kọjú sí òkun gan-an. Bí ẹ bá gun orí òkè Toompea, tí ẹ sì dúró sí ibi ìwòran tí wọ́n ń pè ní Kohtuotsa, òrùlé pupa àwọn ilé àtijọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí nísàlẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì Oleviste, lẹ́yìn ìyẹn ni èbúté àti àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń lọ sí Helsinki, òkun sì tẹ́ rẹrẹ lẹ́yìn gbogbo wọn. Láti ẹnubodè ìlú àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Viru dé èbúté náà kò ju ìrìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni òkun wíwò, ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn wẹ̀ nínú rẹ̀. Etíkun oníyanrìn tó gbajúmọ̀ ní Tallinn ni Pirita, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdíje ọkọ̀ onígbòkun nínú Òlíḿpíìkì ọdún 1980 tí Moscow gbàlejò. Bọ́ọ̀sì ni ẹ ó wọ̀ dé ibẹ̀, omi rẹ̀ sì máa ń tutù ju ti àwọn méjì yòókù lọ nítorí pé ìlú náà ló jìnnà sí àríwá jù.

Ní Gdańsk, ẹ̀gbẹ́ odò Motława ni ìlú àtijọ́ wà. Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ agbẹ́rù onígi tí wọ́n ń pè ní Żuraw, èyí tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún láti máa fi kó ẹrù sínú ọkọ̀, yóò rí omi, ṣùgbọ́n omi odò ni. Kí ọkàn yín má ṣe rẹ̀wẹ̀sì, nítorí ìlú mẹ́ta ló so mọ́ra wọn níbẹ̀: Gdańsk, Sopot àti Gdynia, rélùwéè ìgboro tí wọ́n ń pè ní SKM ló sì so wọ́n pọ̀. Láti ibùdókọ̀ ńlá Gdańsk dé Sopot jẹ́ nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ ó sọ̀kalẹ̀, ẹ ó gba òpópónà ẹlẹ́sẹ̀ tó lọ tààrà sí etíkun, ẹ ó sì bá afárá onígi kan tó gùn ju 500 mítà lọ pàdé, tó wọ inú òkun lọ láìdé òdìkejì ibikíbi. Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ tó fi igi gùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ní Yúróòpù. Ní ìgbà ooru, ẹ ó san owó díẹ̀ kí ẹ tó gun orí rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ èrò púpọ̀ lè wọ tíráàmù láti àárín Gdańsk lọ sí etíkun Brzeźno tàbí Stogi.

Riga ló jìnnà sí òkun jù nínú wọn. Odò Daugava ló gba inú ìlú kọjá, ó sì ku kìlómítà tó lé ní mẹ́wàá kí odò náà tó dé òkun. Ohun tí àwọn ará Riga ń pè ní etíkun tiwọn ni Jūrmala, ìlú kan tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 25, tí rélùwéè ń gbéni dé láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ibùdókọ̀ Majori ni kí ẹ ti bọ́ sílẹ̀. Iyanrìn funfun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó gùn ju ogún kìlómítà lọ ló wà níbẹ̀, igi páínì ló sì kún ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ilé onígi àtijọ́ sì fara pamọ́ sáàárín igi náà. Ẹni tó bá wa mọ́tò wọ Jūrmala ní ìgbà ooru máa ń san owó ìwọlé, nítorí náà rélùwéè ló dára jù.

Lójú tèmi, tó bá jẹ́ pé iyanrìn àti òkun lẹ ń bá kiri, Jūrmala ló borí fún ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, Sopot ló sì borí fún ẹni tó fẹ́ kí èrò, orin àti oúnjẹ yí òun ká. Tallinn kò sí nínú ìdíje náà. Kí ẹ sì mọ irú òkun tí ẹ ń lọ bá. Iyọ̀ inú omi Báltíìkì kò tó nǹkan, kò sí fífà-sẹ́yìn òkun tó ṣe é fojú rí níbẹ̀, ìgbì rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí ọmọdé lè dúró sí. Ẹni tó ti rí bí òkun Àtìláńtíìkì ṣe ń bú ramúramù ní Badagry lè ní ọ̀sà ni. Ṣùgbọ́n òtútù rẹ̀ kì í ṣe kékeré: nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ pàápàá, díẹ̀ ni ọjọ́ tí omi náà gbóná ju ìwọ̀n 20 lọ.

Oṣù tí ẹ fẹ́ lọ

Bí ìlú bá ṣe jìnnà sí àríwá tó ni ọjọ́ rẹ̀ ṣe máa ń gùn tó nígbà ooru, tí ó sì máa ń kúrú tó nígbà òtútù. Ní Tallinn, ojúmọ́ máa ń gùn ju wákàtí 18 lọ ní ìparí oṣù Kẹfà, nígbà tó bá sì di oṣù Kejìlá, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà péré ni oòrùn ń lò lójú ọ̀run. Ti Gdańsk kò le tó bẹ́ẹ̀: nǹkan bíi wákàtí 17 nígbà ooru, àti wákàtí méje lé díẹ̀ nígbà òtútù. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìyàtọ̀ wákàtí kan yìí, nítorí pé ẹni tó jí ní aago mẹ́sàn-án ní Tallinn nínú oṣù Kejìlá yóò bá òkùnkùn níta, nígbà tó bá sì fi máa jẹun ọ̀sán tán, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú.

Oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹsàn-án ni ó dára jù fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà ní ọ̀fìn kan tí àlejò kì í mọ̀. Ní ọjọ́ 23 àti 24 oṣù náà, àwọn ará Látífíà àti Ẹstóníà máa ń ṣe ọdún àárín ìgbà ooru, Jāņi ni wọ́n ń pè é ní Riga, Jaanipäev ni wọ́n ń pè é ní Tallinn. Ẹni tó bá ní ẹbí ní abúlé á gba abúlé lọ láti dáná sun igi ní gbangba kí wọ́n sì máa kọrin títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ní ìgboro á ti ilẹ̀kùn. Àlejò tó bá ní ọ̀rẹ́ tó lè mú un lọ sí oko kò ní gbàgbé ọjọ́ náà láéláé, àmọ́ èyí tí kò ní ẹnìkan á kàn máa rìn kiri nínú ìlú tó dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí irú èyí ní Gdańsk. Tiwọn ni ọjà ọdún Dominik Mímọ́, tí ìtàn rẹ̀ ti wà láti ọdún 1260, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Keje tí ó sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìlú á kún fọ́fọ́, owó hòtẹ́ẹ̀lì á sì fò sókè. Ẹni tó fẹ́ràn ọjà kó lọ, ẹni tó fẹ́ ìsinmi kó sún un síwájú.

Ní ìgbà òtútù, Tallinn ni mo máa yàn láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Yìnyín máa ń bo òrùlé rẹ̀, ọjà Kérésìmesì máa ń wà ní gbàgede iwájú gbọ̀ngàn ìlú, àárín ìlú àtijọ́ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè máa sáré láti inú ilé kan tó móoru bọ́ sí òmíràn. Riga náà ní ọjà Kérésìmesì tirẹ̀, ìlú méjèèjì sì ti ń jiyàn tipẹ́ lórí ẹni tó kọ́kọ́ gbé igi Kérésìmesì sí gbàgede: Tallinn ń tọ́ka sí ọdún 1441, Riga ń tọ́ka sí ọdún 1510.

Ohun tó wà nínú ìlú kọ̀ọ̀kan

Kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gdańsk, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn pọ̀ sí jù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, ọkọ̀ ogun ojú omi Jámánì tí wọ́n ń pè ní Schleswig-Holstein yìnbọn lu àgọ́ ọmọ ogun Pólándì ní Westerplatte, ní ẹnu èbúté ìlú náà, Ogun Àgbáyé Kejì sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun bí igba ló wà nínú àgọ́ náà, wọ́n sì fi ọjọ́ méje gba ara wọn lọ́wọ́ ikú kí wọ́n tó juwọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ogun náà máa fi parí ní 1945, àárín ìlú ti di àlàpà. Èyí fi hàn pé àwọn ilé gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ó máa yà ní fọ́tò ní òpópónà Długa àti Długi Targ, títí dé ibi orísun omi Neptune, jẹ́ ilé tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn ogun. Àwọn kan máa ń fi èyí bu ìlú náà kù, wọ́n ní kì í ṣe ojúlówó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlú tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn tún kọ́ ní bíríkì sí bíríkì ní ohun tó fi yẹ ní wíwò ju ilé àtijọ́ tí ogun kàn gbójú fò lọ.

Mùsíọ́ọ̀mù méjì ló wà níbẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó gbà yín ní ìdajì ọjọ́. Àkọ́kọ́ ni Mùsíọ́ọ̀mù Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n ṣí ní 2017, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀. Ìkejì ni Ibùdó Solidarność ti Yúróòpù, tí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Pólándì pè, tí wọ́n ṣí ní 2014 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti da iṣẹ́ sílẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí wọ́n kọ ohun mọ́kànlélógún tí wọ́n ń béèrè fún sára pákó, tí wọ́n sì gbé e kọ́ sí ẹnubodè kí gbogbo ayé lè kà á. Lech Wałęsa tó ṣáájú wọn, oníṣẹ́ iná mànàmáná ni. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1983, ó sì di ààrẹ Pólándì ní 1990. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tí ìyanṣẹ́lódì jẹ́, tó mọ bí ìjọba ṣe ń ṣe sí olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, yóò rí i pé ìtàn náà kò ṣàjèjì sí òun.

Nígbà tí ogun àti ìyanṣẹ́lódì bá sú yín, ẹ gba òpópónà Mariacka lọ. Òpópónà kúkúrú ni. Àtẹ̀gùn òkúta ló wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀rọ̀ òkúta tí wọ́n gbẹ́ bí orí ẹranko ló ń da omi òjò sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn náà, àwọn oníṣòwò sì to ámbà sínú gíláàsì sórí tábìlì ní iwájú ilé wọn. Oje igi tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún títí ó fi le ni ámbà, etí òkun Báltíìkì sì ni ilé rẹ̀. Àwọn kan pọ́n bí oyin, àwọn kan funfun bí wàrà, àwọn mìíràn sì ní kòkòrò kékeré nínú. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń wọ àwa tí a mọ iyì ìlẹ̀kẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára: ojúlówó fúyẹ́, kì í tutù lọ́wọ́ bíi gíláàsì, ó sì máa ń léfòó nínú omi tí wọ́n po iyọ̀ púpọ̀ sí. Oníṣòwò tó bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó ná owó lè kọ́kọ́ lọ sí Mùsíọ́ọ̀mù Ámbà, tó ti wà nínú Ilé Ìlọ Ńlá láti ọdún 2021.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan tó ṣẹ́ kù, ẹ wọ rélùwéè lọ sí Malbork, ìrìn tí kò tó wákàtí kan. Ilé olódi oníbíríkì pupa tí àwọn jagunjagun onígbàgbọ́ ilẹ̀ Jámánì fi ṣe ibùjókòó ló wà níbẹ̀, ó sì tóbi débi pé wákàtí mẹ́ta kò ní tó yín.

Riga kò ní ìtàn kan ṣoṣo tó gba gbogbo ìlú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló dùn-ún rìn jù. Ní ìta ìlú àtijọ́, ilé tó lé ní 800 ló wà tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ tí àwọn ayàwòrán ilé ìgbà náà fẹ́ràn: ojú obìnrin tó la ẹnu kalẹ̀, kìnnìún, ẹyẹ ọ̀kín, òdòdó tó ń lọ́ mọ́ fèrèsé. Òpópónà Alberta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mikhail Eisenstein, bàbá Sergei Eisenstein tó ń ṣe fíìmù, ló ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wo ara ilé láti ìta, nítorí náà ọ̀fẹ́ ni ohun tó dára jù ní Riga.

Ohun kejì ni Ọjà Àárín Gbùngbùn, tí wọ́n ṣí ní 1930. Gbọ̀ngàn ńlá márùn-ún ló ní, irin òrùlé wọn sì wá láti ara ilé tí àwọn ará Jámánì ń gbé ọkọ̀ òfuurufú Zeppelin sí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ wọ gbọ̀ngàn ẹja ní òwúrọ̀. Ẹja yíyan tó ti di aláwọ̀ wúrà ni wọ́n tò ní ìtẹ̀lé-ìtẹ̀lé, ẹja gígùn bí ejò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òórùn èéfín á sì ti gbà yín lẹ́nu kí ẹ tó dé ìdí àtẹ. Ní gbọ̀ngàn ewébẹ̀, inú garawa ńlá ni wọ́n ti ń bu kábéèjì kíkan, ẹ sì lè tọ́ ọ wò kí ẹ tó rà. Ẹ ra búrẹ́dì dúdú tí wọ́n fi ọkà ráì ṣe, tó wúwo lọ́wọ́, tí kì í tètè bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ ọjà í ná á gbádùn ibẹ̀ ju mùsíọ́ọ̀mù èyíkéyìí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí wọ́n kọ sára ọjà ni wọ́n sábà máa ń gbà.

Ilé kan tún wà ní Riga tó yẹ kí aláwọ̀ dúdú dúró wò. Ilé Ẹgbẹ́ Àwọn Olórí Dúdú ni. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tí kò tíì gbéyàwó ni, ẹni mímọ́ tí wọ́n sì fi ṣe alátìlẹyìn wọn ni Maurice, ọmọ ogun ilẹ̀ Íjíbítì tí wọ́n máa ń yà bí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú. Orí rẹ̀ ni àmì ẹgbẹ́ náà. Ogun ba ilé ti Riga jẹ́ ní 1941, wọ́n wó àlàpà rẹ̀ ní 1948, wọ́n sì tún un kọ́ tán ní 1999. Tallinn náà ní ilé ẹgbẹ́ yìí ní òpópónà Pikk, pẹ̀lú ilẹ̀kùn onígi aláràbarà tí wọ́n gbẹ́ orí Maurice sí. Kí àwọn oníṣòwò Jámánì ayé àtijọ́ máa búra lábẹ́ orí ọkùnrin dúdú jẹ́ ohun tí èmi kò retí ní apá àríwá ayé bẹ́ẹ̀.

Tallinn ló kéré jù, òun ló sì wà ní pípé jù. Odi ìlú àtijọ́ rẹ̀ ṣì dúró fún nǹkan bíi kìlómítà méjì, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ tó lé ní ogún. Wọ́n parí gbọ̀ngàn ìlú ní 1404, ilé ìtàjà oògùn tó wà ní ọ̀kánkán rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ ó kéré tán láti 1422, ó sì ṣì ń ta oògùn títí di òní. Ìṣòro ibẹ̀ ni èrò. Nígbà ooru, ọkọ̀ ńláńlá máa ń já arìnrìn-àjò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ kò sì ní rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí. Ẹ rin ìlú àtijọ́ ní kùtùkùtù tàbí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí ẹ sì lo ọ̀sán ní Kadriorg, níbi tí ọba Peter ti Rọ́síà ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ààfin ní 1718, tí mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà Kumu sì wà nítòsí rẹ̀. Àwọn tó bá mú ọmọdé dání gbọ́dọ̀ lọ sí Lennusadam, gbọ̀ngàn kọnkéré tó ga fíofío tí wọ́n kọ́ fún ọkọ̀ òfuurufú tó ń bà sórí omi. Inú rẹ̀ ni ọkọ̀ abẹ́ omi Lembit wà, èyí tí wọ́n kàn ní Ìlú Ọba ní 1936, ẹ sì lè wọ inú rẹ̀ lọ wo bí àwọn atukọ̀ ṣe ń sùn.

Tí òjò bá dé, tí orúnkún bá ń dunni

Òjò kò ní àkókò ní etí òkun Báltíìkì. Ní ọjọ́ òjò, Gdańsk ló yẹni jù nítorí mùsíọ́ọ̀mù méjì tí mo dárúkọ, Tallinn ló tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ mùsíọ́ọ̀mù ní agbègbè yìí ni kì í ṣí ní ọjọ́ Mọ́ńdè, nítorí náà ẹni tó fẹ́ lọ láti Sátidé sí Mọ́ńdè ti fi ọjọ́ kan ṣòfò. Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Àìkú ló dára jù.

Ní ti àgbàlagbà tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le, Riga ló rọrùn jù. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ẹ̀rọ agbéniròkè ló sì máa gbé yín dé ibi ìwòran ní ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Peteru Mímọ́, tó ga ní mítà 72. Ní Gdańsk, àtẹ̀gùn tó lé ní 400 ni ẹ ó gùn kí ẹ tó dé orí ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Mímọ́. Ti Oleviste ní Tallinn, àtẹ̀gùn òkúta tóóró tó ń yí po ni, ìgbà tí ojú ọjọ́ bá móoru nìkan ni wọ́n sì ń ṣí i. Tallinn tún ní òkè àti ìsàlẹ̀, bí ẹ bá sì gba ọ̀nà àtẹ̀gùn tí wọ́n ń pè ní Lühike jalg gòkè lọ nígbà tí òkúta tutù, ẹ di irin mú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé bàtà gogoro lọ sí èyíkéyìí nínú wọn.

Owó àti ìwé ìrìnnà

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Gdańsk ni oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì ti sábà máa ń wọ́n níwọ̀nba jù, Riga tẹ̀lé e, Tallinn ló sì wọ́n jù, pàápàá ní àyíká gbàgede gbọ̀ngàn ìlú. Yúrò ni wọ́n ń ná ní Riga àti Tallinn. Ẹstóníà gbà á ní 2011, Látífíà sì gbà á ní 2014. Złoty ni wọ́n ń ná ní Pólándì. Tí ẹ̀rọ ìsanwó bá bi yín léèrè ní Gdańsk bóyá kí ó yọ owó náà ní pọ́n-ùn tàbí ní złoty, złoty ni kí ẹ mú, nítorí pé ẹni tó bá mú pọ́n-ùn á san èlé pàṣípààrọ̀ tí kò yẹ kó san.

Ní ti ìwé ìrìnnà, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn: orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lábẹ́ àdéhùn Schengen, tó jẹ́ kí físà kan ṣoṣo tó fún gbogbo wọn, láti oṣù Kejìlá ọdún 2007. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà tàbí Bùràsíìlì kò nílò físà fún ìsinmi kúkúrú. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, kódà bí ó bá ní ìwé ìgbélùú ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó físà náà jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà láti oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ẹ nílò ìwé adójútòfò tó lè san ó kéré tán 30,000 yúrò, ẹ kò sì lè kọ̀wé béèrè ju oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti pẹ́ jù ni ẹ ó kọ̀wé sí. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ó ṣe rọrùn tó láti rí ọjọ́ gbà ní ọ́fíìsì wọn níbi tí ẹ ń gbé, nítorí pé èyí lè pinnu ìlú náà fún yín kí òkun tó wọ̀ ọ́.

Láti Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bíi wákàtí méjì lé díẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú ń lò dé Gdańsk, ó sì tó wákàtí mẹ́ta dé Tallinn. Pápákọ̀ òfuurufú Tallinn ló sún mọ́ ìlú jù, kìlómítà mẹ́rin péré, ọkọ̀ ìgboro sì ń lọ síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ìlú ló máa gbé yín láti ti Riga, rélùwéè àti bọ́ọ̀sì ló sì wà ní Gdańsk.

Tó bá jẹ́ èmi

Ẹni tí kò dé agbègbè yìí rí, tó ní ọjọ́ mẹ́rin ní ìgbà ooru, Gdańsk ni kó lọ: ọjọ́ kan fún ìlú, ọ̀kan fún mùsíọ́ọ̀mù, ọ̀kan fún Malbork, ọ̀kan fún Sopot. Tọkọtaya tó fẹ́ rìn jẹ́jẹ́, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì sùn pẹ́, Riga ni tiwọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n gba hòtẹ́ẹ̀lì ní apá òpópónà Alberta, nítorí ariwo ilé ọtí kì í jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ìlú àtijọ́ fojú kan oorun ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ní alẹ́ méjì péré, tàbí tó fẹ́ rí yìnyín, kó lọ sí Tallinn.

Àwọn kan á fẹ́ so méjì pọ̀. Ẹ má ṣe so Gdańsk mọ́ èyíkéyìí nínú àwọn méjì yòókù fún ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀nà náà jìn. Riga àti Tallinn ṣe é so, bọ́ọ̀sì tó dára ń rìn láàárín wọn ní wákàtí mẹ́rin lé díẹ̀, ẹ sì lè gba ìlú kan wọlé kí ẹ gba èkejì jáde. Èyí tó rọrùn jù ni Tallinn àti Helsinki: ọkọ̀ ojú omi ń gbà tó wákàtí méjì, ẹ lè lọ ní àárọ̀ kí ẹ padà ní alẹ́ láìyọ ẹrù yín kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì àárín ọ̀sẹ̀ bí ó bá ṣe é ṣe, nítorí pé ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé ni èrò inú ọkọ̀ náà máa ń pọ̀ jù.